Má Tíì Fọwọ́ Síwèé Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kọ́míìkì, owó oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi ń rà á nígbà náà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń kọ ìtàn obìnrin ọdẹ kan tí mo sọ ní Àbẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ kó jẹ́ apá méjìlá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ àwòrán yà ti ya ojú ìwé mẹ́rin, mo fi í ránṣẹ́ sí yín. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó rí i, wọ́n ní àwọn á tẹ̀ ẹ́, àwọn á fún wa lówó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n a ó fọwọ́ síwèé pé àwọn ló ni Àbẹ̀kẹ́ títí ayé. Wọ́n tún ní kọ́míìkì Yorùbá kò lè tà, kí n yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ibi tó ká mi lára jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀: má tíì fọwọ́ síwèé yẹn.

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Mi ò mọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni mo ń wò. Ẹni tó bá ra Àbẹ̀kẹ́ títí ayé kò ra ojú ìwé mẹ́rin nìkan. Ó ti ra apá méjìlá tí o kò tíì kọ, ó ti ra fíìmù tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe, ó ti ra àwòrán Àbẹ̀kẹ́ lára àpò ìwé ọmọ iléèwé. Lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n, wọ́n lè gbé Àbẹ̀kẹ́ fún ẹlòmíì kọ, ìwọ á sì máa wò ó láti òkèèrè.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, sí àwọn tó tún ju gbogbo wa lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1938, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Cleveland ní Amẹ́ríkà, Jerry Siegel tó ń kọ ìtàn àti Joe Shuster tó ń ya àwòrán, gba sọ̀wédowó dọ́là 412. 130 dọ́là péré ni ti Superman, akọni tí wọ́n dá, nínú rẹ̀. Ìyókù jẹ́ owó iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti ṣe. Fún 130 dọ́là yẹn, Superman bọ́ lọ́wọ́ wọn pátápátá. Wọ́n ṣe ẹjọ́ ṣe ẹjọ́. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ni Superman tó gbà láti máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 20,000 dọ́là lọ́dún, tí wọ́n sì dá orúkọ wọn padà sórí iṣẹ́ wọn. Àwọn méjèèjì ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ojú Shuster tó fi ya akọni náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ríran mọ́. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n gbé sọ̀wédowó yẹn gan-an lọ sí gbàǹjo. 160,000 dọ́là ni wọ́n ra bébà náà.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ nípa òfin tiwa kò pọ̀. Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2022, ọjọ́ tí o bá ti kọ ìtàn sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti di tìrẹ, ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti ya àwòrán ni ẹ̀tọ́ àwòrán ti di tirẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà á wà pẹ̀lú rẹ títí ọjọ́ ayé rẹ, á sì wà lọ́wọ́ àwọn àjogún rẹ fún 70 ọdún lẹ́yìn rẹ. Ìwé kíkọ nìkan ló lè gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ìfọwọ́síwèé rẹ lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin yìí kì í ṣọ́ èrò tó wà lọ́kàn lásán. Bí o bá sọ fún àwọn èèyàn níbi àríyá pé o fẹ́ kọ ìtàn obìnrin ọdẹ tó ń bá iwin jà, ẹnikẹ́ni lè lọ kọ tirẹ̀. Ohun tó ti wà lórí bébà ni òfin ń dáàbò bò. Àjọ tó ń mójú tó o, Nigerian Copyright Commission, ń gba ìforúkọsílẹ̀ ẹni tó bá fẹ́, ó sì dára kí o ṣe é, torí ọjọ́ tí ẹ̀rí bá máa wúlò.

Nítorí náà, fèsì fún wọn, kí o sì fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Sọ pé o dúpẹ́, pé yíyá ni o fẹ́ yá wọn, o kò fẹ́ tà. Bí ilé ni. Ẹni tó gba ilé rẹ háyà á gbé inú rẹ̀, á sanwó, àdéhùn á parí, ilé á ṣì jẹ́ tìrẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gba apá kìíní nìkan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí bébà ní Nàìjíríà fún ọdún mẹ́ta, kí ìdá kan máa wọlé fún ẹ̀yin méjèèjì lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, kí fíìmù àti ohun gbogbo yòókù sì wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí ìwé náà bá tán lọ́jà tí wọn kò sì tẹ òmíràn fún oṣù mẹ́fà, ẹ̀tọ́ á padà sílé. Bí wọ́n bá gbà, wá lọ́yà kan kó bá ọ kà á kí o tó fọwọ́ sí i, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lo máa fi san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, o ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà gan-an.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ apá méjìlá.

Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta nínú àpótí tó kún fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìran mẹ́rin mẹ́rin, àwòrán ilẹ̀, orúkọ odò. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kà. Èyí tí wọ́n kà ni èyí tó jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tí mo parí. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí: mú ọ̀kan ṣoṣo nínú ìrìn àjò Àbẹ̀kẹ́, èyí tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin, kí o sọ ọ́ di ojú ìwé 16. Kí ẹni tí kò ní rí apá kejì láé kà á tán, kó yó. Ìtàn kan ṣoṣo tó ní òpin ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Kevin Eastman àti Peter Laird, náà fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ìjàpá mẹ́rin tó ń ja nínjà ní 1984. Owó orí tí ìjọba dá padà fún wọn àti owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òbí Eastman ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, dúdú àti funfun, bí ẹ̀dà 3,000. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n rò pé ó máa jẹ́. Àwọn tó kà á ló ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Jeff Smith ni mo máa ń rántí bí ó bá kan ìtàn gígùn. Láti 1991 títí di 2004 ló fi ṣe Bone, ìdìpọ̀ 55, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Vijaya Iyer ló sì ń bójú tó òwò. Ọdún mẹ́tàlá. Ó lè ṣe é nítorí pé ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde, àwọn èèyàn ń rà á, ó sì ń fi owó èyí tẹ ìkejì. Àbẹ̀kẹ́ lè dé apá méjìlá lọ́nà kan náà.

Jẹ́ ká wo ojú ìwé mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́, nítorí iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ gidi. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ dá ṣáká. Ojú ìwé kejì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nínú pánẹ́ẹ̀lì (àpótí àwòrán) kẹta, Àbẹ̀kẹ́ lóṣòó lẹ́yìn ìrókò, ajá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàlúùnù ọ̀rọ̀ kan wà lórí rẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó lé ní ọgọ́ta. Ó ń sọ fún ajá pé òun gbọ́ ìró kan, pé ìró náà kò jọ ti ẹranko, pé ẹ̀rù ti ń ba òun, pé kí ajá má gbó. Wo ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ti yà: etí ajá ti nà ró. Ìka Àbẹ̀kẹ́ ti rọra kan ìdí ìbọn. Òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Gbogbo ohun tí o fi ọgọ́ta ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀rẹ́ rẹ ti sọ ọ́ kí o tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ sì wá bo ìdajì igi ìrókò náà mọ́lẹ̀. Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Fi ẹyọ kan sílẹ̀: «Dákẹ́.» Kí o tún un kà, kí o wo bí igbó náà ṣe máa pa lọ́lọ́.

Nǹkan kejì ni ibi tí iwin ti yọ. O fi í sí ojú ìwé kẹta, lápá ọ̀tún, ojú ìwé kejì sì wà lápá òsì. Nígbà tí òǹkàwé bá ṣí ìwé, ojú rẹ̀ á gba àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, á ti rí iwin kí ajá tó nà etí. Sún un sí ojú ìwé kẹrin. Kí ọwọ́ òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló máa ṣí ewé náà, kí iwin sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó bá máa dẹ́rù bani tàbí kó yani lẹ́nu, ojú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ méjì, mẹ́rin, mẹ́fà ni kó máa wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ka kọ́míìkì kí n tó rí i pé àwọn tí mo fẹ́ràn jù ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ jókòó sọ ọ́ kí owó tó dé. Èmi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan la jọ bẹ̀rẹ̀, a kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, a ní ọ̀rẹ́ ni wá. Nígbà tí ẹnì kan wá béèrè bóyá òun lè fi àwòrán wa ṣe kàlẹ́ńdà, a kò mọ ẹni tó yẹ kó dáhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú wa ká, mi ò sì rí ẹni tó yàwòrán bí tirẹ̀ títí dòní. Ojú ìwé kan péré ti tó. Ta ló ni ìtàn, ta ló ni àwòrán, báwo la ṣe máa pín owó, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kúrò. Ìlàjì-ìlàjì dára lójú mi, nítorí wákàtí tí ayàwòrán ń lò lórí ojú ìwé kan ju èyí tí ìwọ ń lò lọ ní ìlọ́po ìlọ́po: yóò fi pẹ́ńsù là á, yóò fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́, yóò kùn ún, lẹ́yìn náà la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá to ọ̀rọ̀ sí i. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, san díẹ̀ fún un lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó kéré tó.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà rẹ. Ṣé Yorùbá kò lè tà?

Ní 1975, ìwé akọni kan jáde ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Powerman. Ó tà. London ni wọ́n ti yà á. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà tí gbogbo ayé sì wá mọ̀ wọ́n lẹ́yìn, ni wọ́n ń pín in yà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, akọni dúdú, ọwọ́ òyìnbó. Lẹ́yìn ọdún kan, ní 1976, Wale Adenuga gbé Ikebe Super jáde, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì dà bí àwọn ará àdúgbò wa, débi pé Papa Ajasco kúrò lórí bébà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó dé, Atọ́ka ti wà. Bàbá mi ní rẹpẹtẹ rẹ̀ nínú àpótí. Fọ́tò ni wọ́n fi ṣe é, àwọn eléré orí ìtàgé tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ló ń ṣeré nínú rẹ̀, fọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lára fọ́tò, ní Yorùbá. Àwọn tí kò ka ìwé kankan mìíràn ń ka Atọ́ka. Ìyá àgbà mi tí kò lọ iléèwé a máa ní kí n ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún òun, òun á sì máa sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láti inú àwòrán kí n tó ṣí ewé. Èèyàn kò lè sọ fún mi pé ìtàn alàwòrán ní Yorùbá kò ní òǹkàwé. Ó ti ní wọn rí, a kò ṣe é fún wọn mọ́ ni.

Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe dáadáa lónìí ń lò. Roye Okupe, ọmọ Èkó tó ń gbé Amẹ́ríkà, kọ ìtàn Iyanu ní Gẹ̀ẹ́sì, Godwin Akpan ya á, ilé iṣẹ́ Dark Horse gbé e jáde ní 2021, ní 2025 ó sì ti di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Aṣọ inú rẹ̀, orúkọ inú rẹ̀, Yorùbá ni. Inú mi dùn sí i gan-an. Kò sì ní kí ìwọ má ṣe tìrẹ ní èdè tí Àbẹ̀kẹ́ ń fi lálàá. O lè ṣe ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tó bá yá. Àwòrán kan náà ni, ọ̀rọ̀ inú bàlúùnù nìkan lo máa pààrọ̀. Kọ́kọ́ ṣe ti Yorùbá, nítorí ohun kan wà tí èdè wa ní fún kọ́míìkì tí mi ò tíì rí ní èdè mìíràn tí mo gbọ́.

Ìró ni. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní ìró mélòó kan tí wọ́n ń tún lò láti ọdún pípẹ́. Ìwọ wo tiwa. Igi ńlá wó, gbì. Ìlẹ̀kùn irin ṣí, gbàgà. Ẹsẹ̀ ogun ń bọ̀, gìrìgìrì. Ẹyẹ kan kọjá lẹ́bàá ojú, fìrì. Àwọn ará ọjà ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, wùyẹ̀wùyẹ̀. A tilẹ̀ ní èyí tó jẹ́ ti ohun tí kò dún rárá: ilẹ̀ pa rọ́rọ́, ojú Àbẹ̀kẹ́ wá ń dán gbinrin. Ohùn orí ọ̀rọ̀ sì ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó: róbótó jẹ́ kékeré, ròbòtò á kún ọwọ́. Ayàwòrán tó bá gbọ́ ìyẹn á mọ bí òun ṣe máa ya lẹ́tà náà, á gbé èyí tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá tó wúwo, á jẹ́ kí ti ohùn òkè fò sókè bí ìpẹ́pẹ́ iná. Mo ti rí ọmọ ọdún méje tó na ìka sí «gbì» lójú ìwé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ kilẹ̀.

Ibi tó ti le ni àmì. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ọ. Ìwé mi kejì, jagunjagun kan wà níbẹ̀ tí ogun ká mọ́lé. Ó dìde, ó ní: «Ẹ gbé ọ̀kọ̀ mi wá!» Ojú ìwé tó lágbára jù nínú ìwé náà nìyẹn. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ wọn kò ní irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tí mo lò, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà 300 ni mo gbé délé. Àmì ohùn orí ọ̀kọ̀ ti fò lọ. «Ẹ gbé ọkọ mi wá.» Ẹ̀dùn ọkàn mi kò dá lórí owó nìkan. Ohun tó dùn mí ni pé èmi tí mo ń pariwo pé Yorùbá yẹ lórí kọ́míìkì ni mo gbé Yorùbá tó fọ́ lé ọmọdé lọ́wọ́. Èmi àti àbúrò mi fi bírò dúdú tún ojú ìwé kan yẹn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà 300, fún òru mẹ́ta.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀ tàbí ọ́ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n máa ń tò léra wọn, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún kọ́míìkì ni kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Àmì á fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Fọ́ǹtì Andika àti Noto máa ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Àmọ́ tí o bá béèrè lọ́wọ́ mi, kí ọ̀rẹ́ rẹ fi ọwọ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Á gba àkókò, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó máa lè pa á dà mọ́, torí ó ti di ara àwòrán.

Ní ti títẹ̀, Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé, ni kí o lọ bí o bá lè dé Èkó, lọ fúnra rẹ, má rán ènìyàn. Iye ojú ìwé tó ṣeé fi mẹ́rin pín ni ìwé tí wọ́n fi pín-ìnnì gún láàárín máa ń ní, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé 16. Èèpo ẹ̀yìn á sì jẹ́ mẹ́rin lọ́tọ̀. Jẹ́ kí àwòrán kọjá etí bébà pẹ̀lú mìlímítà mẹ́ta yíká, nítorí abẹ kì í gé e gúnrégé. Kí ojú àwòrán jẹ́ 300 dpi, ìyẹn tóótòòtó 300 nínú íǹṣì kan. Àwọ̀ tó ń tàn lójú fóònù á ṣókùnkùn lórí bébà, pàápàá aró àti ewéko, bẹ́ẹ̀ igbó ni gbogbo ìtàn rẹ. Nítorí náà, dúdú àti funfun ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ó tún dín owó kù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo kí o tó sanwó ìyókù. Jókòó síbẹ̀, kà á láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, àmì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí o sọ pé kí wọ́n máa tẹ̀. Nọ́ńbà ISBN tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, National Library of Nigeria ló ń fúnni.

Owó ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún ọ, iṣẹ́ olùkọ́ rẹ ṣì máa bọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ará òkè òkun ń lo Kickstarter, níbi tí òǹkàwé ti ń dá owó kí ìwé tó jáde. Okupe lò ó ní 2015 fún ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti lè gbé iṣẹ́ sí i. Ní Salvador ní ilẹ̀ Bràsíì, Hugo Canuto lo Catarse, irú rẹ̀ tí àwọn ará Bràsíì dá sílẹ̀, láti fi ṣe ìwé ìtàn àwọn òrìṣà: Ṣàngó, Ọya, Ògún, gẹ́gẹ́ bí akọni. Àwọn òǹkàwé ló dáwó yẹn. Ìwọ náà lè ṣe ti ọwọ́: wá ọgọ́rùn-ún èèyàn tó máa sanwó ṣáájú, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ, àwọn òbí, àwọn ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní London. A mọ bí a ṣe ń dá èsúsú. Kọ orúkọ gbogbo wọn sí ẹ̀yìn ìwé.

Má fi owó tí títẹ̀ gbà nìkan díye lé e. Ká ní ẹ̀dà kan ná ọ ní ₦1,000. Ẹni tó ń bá ọ tà á á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n tà á, ọkọ̀ á gba tirẹ̀, àwọn kan á bàjẹ́, o máa fi àwọn kan tọrẹ. Bí o bá tà á ní ₦1,500, o ti jẹ gbèsè láìmọ̀. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ ni mo máa ń lò, kò sì tíì já mi kulẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè fi ojú ìwé díẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Comic Republic ti Jide Martin dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2013 gbé ìwé rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ sì làwọn èèyàn ṣe mọ àwọn akọni wọn. Ṣùgbọ́n kọ nọ́ńbà àwọn òǹkàwé rẹ sínú ìwé tìrẹ. OkadaBooks, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń gbé iṣẹ́ sí, pa ìlẹ̀kùn dé ní 2023. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà òǹkàwé rẹ̀ lọ́wọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

O sọ pé owó oúnjẹ ọ̀sán lo fi ń ra kọ́míìkì ní kékeré. Ṣé o ṣì ń rà á? Mo béèrè nítorí pé mo pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ ṣe kọ́míìkì tí kò ra ti ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí wọ́n ti dàgbà. Ní Tokyo, ní oṣù kejìlá ọdún 1975, àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì kó ara wọn jọ láti ta ìwé tí àwọn fúnra wọn tẹ̀ fún ara wọn. Ẹgbẹ́ bíi méjìlélọ́gbọ̀n ni, èèyàn bí 700 ló sì wá. Comiket ni wọ́n ń pè é, ó ti di èyí tó ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn jọ báyìí. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì àti àwọn tó wá rà, èèyàn kan náà ni wọ́n. L'Ékòó, Ayodele Elegba bẹ̀rẹ̀ Lagos Comic Con ní 2012. Lọ sí i lẹ́ẹ̀kan bí òǹrajà kí o tó gba tábìlì. Ra ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀. Kà á, kí o sì kọ̀wé sí wọn, sọ pánẹ́ẹ̀lì tí o fẹ́ràn àti ìdí rẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba tábìlì, ẹ̀dà mọ́kànlá ni mo tà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọbìnrin kan padà wá nírọ̀lẹ́, ó ti ka tirẹ̀ tán lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó bi mí léèrè bóyá ajá tó wà nínú rẹ̀ kú. Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe ìwé kejì.

Fèsì fún ilé iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yìí, má jẹ́ kó di ìparí oṣù. Lẹ́yìn náà, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ gbé ojú ìwé kejì padà sórí tábìlì, kí ẹ pa ọgọ́ta ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, kí ẹ sún iwin sí ojú ìwé kẹrin. Bí ẹ bá ti tún un yà, ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìrókò náà.